Owó Iwájú Orí Màmá Dóríìnì

Ẹni tó lè bí ìyá mi ni wọ́n ní kí n máa pè ní Dóríìnì lásán. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jánẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ mánẹ́jà ibẹ̀ mú mi káàkiri, ó ń fi àwọn tó ń gbé ibẹ̀ hàn mí: Féránkì nìyí, Mágí nìyí, Dóríìnì nìyí. Ó ń pè wọ́n bí ìgbà tí tíṣà ń pe orúkọ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Mo wo ìyá arúgbó tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé, irun orí wọn funfun báláú, ọrùn wọn nà gbọnrangandan, orúnkún mi méjèèjì sì ti kanlẹ̀ kí n tó rò ó. Jánẹ́ẹ̀tì rò pé òòyì ló kọ́ mi. Ó dì mí mú lápá, ó ń pariwo pé kí wọ́n gbé omi wá.

Mo mu omi yẹn tán kí n tó lè ṣàlàyé pé mò ń kí wọn ni. Láti ọjọ́ náà, Màmá Dóríìnì ni mo ń pè wọ́n. Jánẹ́ẹ̀tì bá mi wí títí ó fi sú u. Ó ní níbẹ̀, ọgbọọgba ni gbogbo àwọn. Mo ní mo gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó tọ́ mi dàgbà ní abúlé wa lẹ́yìn Mọ́níyà, nítòsí Ìbàdàn, lè gbọ́ bí mo bá pe arúgbó lórúkọ, etí wọn gùn.

Ìkíni kó mi sí wàhálà ju òtútù lọ. Òtútù, èèyàn lè wọ ẹ̀wù mẹ́ta fún un. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń kọjá lára ẹni tó ń jẹun, tó ń gbálẹ̀, tó jókòó jẹ́ẹ́, kó má kí i? Mo kí Féránkì kú ìjókòó lédè Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ kan, ó ní ṣé mò ń fi òun ṣẹ̀sín nítorí pé òun ò lè dìde ni. Mo tọrọ àforíjì. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló ń bá mi wí tí n kò bá kí i. Mo ka ìyẹn sí ìṣẹ́gun, nítorí pé n kò ní púpọ̀ nígbà náà. Nínú bọ́ọ̀sì ní àárọ̀, gbogbo ojú ló ń wo fóònù tàbí fèrèsé. N óò wọ̀ ọ́, n óò sọ̀kalẹ̀, n óò rìn dé ibi iṣẹ́, kò ní sí ẹni tó mọ̀ pé mo jí.

Iṣẹ́ náà kò ṣàjèjì sí mi. Mo tọ́jú ìyá bàbá mi títí wọ́n fi kú, mo mọ bí wọ́n ṣe ń gbé arúgbó dìde tí kò fi ní rò pé ẹrù ni òun. Ohun tó ṣàjèjì ni yàrá tí mo ń padà sí lẹ́yìn iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀dì kan, àga kan, ògiri funfun. Nílé wa, ẹni tó bá fẹ́ dá wà fúngbà díẹ̀ ní láti lọ sóko. Níbí, èmi àti ara mi jọ wà títí ọ̀rọ̀ fi tán láàárín àwa méjèèjì.

Ìyá mi ló ń gbà mí. Abúlé wa náà, lápá Akínyẹlé, ni wọ́n ń gbé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í wọ inú ilé wọn, nítorí náà abẹ́ igi máńgòrò tó wà nítòsí ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí ni wọ́n ti ń gba ìpè mi. Wọ́n gbà pé bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó lèèyàn ṣe gbọ́dọ̀ pariwo tó.

“Ṣé o ti jẹun?”

“Mo ti jẹun, mà.”

“Kí lo jẹ?”

“Búrẹ́dì àti ẹ̀wà inú agolo.”

“Ẹ̀wà tó dùn bíi ṣúgà tí o sọ níjọ́sí? O ò tíì jẹun.”

Òṣèré orí ìtàgé ni ìyá mi nígbà èwe wọn. Ẹgbẹ́ onítíátà tí wọ́n wà máa ń fi lọ́rì kó ara wọn àti ẹrù wọn kiri àwọn ìlú kéékèèké tó yí Ìbàdàn ká, Lálúpọn lónìí, Ẹ̀gbẹ́dá lọ́la, wọ́n á ṣeré nínú gbọ̀ngàn iléèwé tàbí lórí pápá. Olórí oníjó ni ìyá mi. Dírẹ́bà lọ́rì náà ni bàbá mi, nítorí náà kò sí ìdí láti béèrè bí wọ́n ṣe pàdé. Nígbà tí fídíò dé, tí àwọn èèyàn ò jáde wòran mọ́, ẹgbẹ́ tú ká, ìyá mi sì bẹ̀rẹ̀ sí yan gàrí. Ṣùgbọ́n ijó náà ò lọ síbì kankan. Wọ́n gbé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kérúbù àti Séráfù, wọ́n kàn wọ aṣọ funfun lé e ni.

Tí a bá bi wọ́n léèrè ohun tó dùn mọ́ wọn jù nínú iṣẹ́ yẹn, wọn kì í dárúkọ àtẹ́wọ́. Wọ́n ní, “Àtẹ́wọ́ dára, ṣùgbọ́n orí ìjókòó ni wọ́n ti ń pa á. Ẹni tó bá dìde, tó rìn dé iwájú rẹ, tó lẹ owó mọ́ ọ níwájú orí, ẹni yẹn rí ọ.” Àwọn àgbẹ̀ tí ọwọ́ wọn ṣì ń rùn ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń rántí. Wọ́n ti gbàgbé iye tí wọ́n ń lẹ̀, wọn ò gbàgbé ọwọ́.

Màmá Dóríìnì kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní wọ́n le. Wọ́n á kọ tíì, wọ́n á kọ bísíkíìtì, wọ́n á kọjú sí fèrèsé. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Kọ́lìn, ọkùnrin tó ti ń hu ewú lórí, máa ń wá kí wọn lọ́jọ́ Àìkú. Á jókòó tì wọ́n, á sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí, á sì lọ. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọ̀rọ̀ ni kò sí láàárín wọn.

Ní gbogbo ọ̀sán Jímọ̀, a máa ń fi fíìmù àtijọ́ hàn wọ́n ní pálọ̀. Ní Jímọ̀ kan, mo fi ọ̀kan sí i tí n kò rí rí, dúdú àti funfun, olórin àti oníjó ló kún inú rẹ̀. Ìtàn ẹgbẹ́ òṣèré kan ni. Àwọn olówó kan fẹ́ ra ilé eré wọn kí wọ́n sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe, àwọn òṣèré wá fẹ́ ṣe eré àṣekágbá kan kí ìlú lè rí ohun tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Bí eré ṣe ń dùn lọ ni iná kú. Olórin wọn kò dákẹ́. Ó ń kọrin nínú òkùnkùn, àwọn èrò ìwòran sì ń ṣá ìṣáná lọ́kọ̀ọ̀kan títí gbogbo ilé fi mọ́lẹ̀.

Ibẹ̀ ni Màmá Dóríìnì ti nàka sí tẹlifíṣọ̀n.

“Èmi nìyẹn.”

Mo dá fíìmù padà sẹ́yìn. Àwọn ọmọbìnrin kan tò lọ́wọ̀ọ́wọ́, ìyẹ́ ẹyẹ wà lórí gbogbo wọn. Ọ̀kan tó wà lápá ìparí, ọrùn rẹ̀ nà ju tàwọn yòókù lọ. Ọrùn tí mo ń fi tówẹ́ẹ̀lì nù láràárọ̀ ni. Orí mi wú. Mo pe àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kí wọ́n wá wò ó, ṣùgbọ́n àkókò tíì ti tó, kò sẹ́ni tó dáhùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń ya irun Màmá Dóríìnì, wọ́n sọ ìyókù fún mi láìwo ojú mi.

“Ijó kan wà tí mo dá jó nínú fíìmù yẹn,” wọ́n ní. “Lẹ́yìn tí iná padà dé. Èmi nìkan, láìsí ìyẹ́ lórí.”

“N kò rí i, mà.”

“Kò sẹ́ni tó rí i. Wọ́n gé e. Wọ́n ní fíìmù ti gùn jù.”

Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn ṣáájú. Ọjọ́ tí fíìmù náà dé ìlú wọn, wọ́n mú bàbá àti ìyá wọn lọ sí sinimá. Bàbá wọn wọ kóòtù tó fi ń lọ síbi ìsìnkú, nítorí òun nìkan ló dára nínú ẹ̀wù rẹ̀. Wọ́n jókòó títí fíìmù fi parí. Ìgbà tí wọ́n délé ni bàbá yẹn tó sọ̀rọ̀, ó ní ìyẹ́ orí ọmọ òun dára. Lẹ́yìn ìyẹn, Màmá Dóríìnì lọ́kọ, wọ́n bímọ, wọn kò jó mọ́.

Irun yẹn ti yà tán, mo ṣì ń yà á. Inú ń bí mi sí àwọn èèyàn tí wọ́n á ti kú tipẹ́.

Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi, wọ́n ní kí n fi fíìmù náà han àwọn. Mo wá a jáde lórí kọ̀ǹpútà ní ọjọ́ ìsinmi mi, mo gbé fóònù síwájú rẹ̀ kí wọ́n lè máa wò ó láti abẹ́ igi máńgòrò. Wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀, wọn ò sì béèrè ìtumọ̀ ẹyọ kan. Wọ́n mọ èwo ni ọ̀gá ẹgbẹ́, wọ́n mọ èwo nínú àwọn oníjó ló ń jowú èkejì. Nígbà tí iná kú, wọ́n pariwo débi pé àwọn tó ń yan gàrí sáré wá.

“Àwa náà ṣe é ní Lálúpọn. Jẹnẹrétọ̀ kú mọ́ wa lọ́wọ́. Àwọn àgbẹ̀ gbé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ wọn sókè, wọ́n ń wà á lójú kan kí iná iwájú rẹ̀ lè máa tàn sí wa lára. Tó bá rẹ ẹnìkan, ẹlòmíràn á gùn ún. A jó tán.”

Mo wá sọ ti ijó tí wọ́n gé.

“Wọ́n jó, kò sẹ́ni tó rí i?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ìyẹn burú ju kí wọ́n sọ òkò luni lọ. Gbọ́ mi. Tí màmá yẹn bá tún jó lójú rẹ, má jẹ́ kí wọ́n jó lásán. Bá mi náwó fún wọn.”

“Màmá, wọn ò lè rìn láìdi irin tí wọ́n fi ń rìn mú.”

“Mo ní tí wọ́n bá jó.”

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí àwọn arúgbó tún béèrè fíìmù náà. Féránkì ló béèrè rẹ̀, ó ní òun ti sùn nígbà àkọ́kọ́. A wò ó dé ibi tí iná ti padà dé. Orin kan bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ó kọ díẹ̀, ó já, àwòrán sì fò lọ síbòmíràn. Ẹni tí kò mọ̀ kò ní kíyè sí i. Màmá Dóríìnì ní, “Dá a dúró.” Mo dá a dúró. Wọ́n di irin tí wọ́n fi ń rìn mú, wọ́n dìde, wọ́n sì bá orin náà lọ láti ibi tó ti já.

Ẹnu lásán ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ẹsẹ̀ wọn kò kúrò nílẹ̀ púpọ̀, gìgísẹ̀ nìkan ló ń gbéra. Ọwọ́ kan di irin mú, èkejì ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀, ọrùn yẹn ń tẹ̀ lé e. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ijó, ilé oníjó ni wọ́n ti bí mi. Ijó ni.

N kò rántí ìgbà tí mo tọwọ́ bàpò. Mo kàn rí i pé mò ń jó lọ bá wọn, mo sì lẹ owó bébà pọ́ùn márùn-ún mọ́ wọn níwájú orí. Owó wọn níbẹ̀ kì í lẹ̀, bíi ọ̀rá ló rí, ó sì ń yọ̀. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ dì í mú síbẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́wọ́ kúrò, ó já, Màmá Dóríìnì hán an lófuurufú, wọ́n sì tì í bọ àyà wọn láìdá orin dúró. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Ẹ̀rín bò mí, ẹkún bò mí, àwọn arúgbó ń pàtẹ́wọ́, Féránkì ń fi ọ̀pá rẹ̀ gbá ilẹ̀.

Ọmọbìnrin Féránkì ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wá kí bàbá rẹ̀ ni. Ohun tó rí ni òṣìṣẹ́ tó ń fi owó gbá arúgbó lórí. Ó lọ sí ọ́fíìsì tààrà.

“Òfin wa ni pé owó kò gbọdọ̀ ti ọwọ́ òṣìṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí à ń tọ́jú, kò sì gbọdọ̀ ti ọwọ́ wọn bọ́ sí tiyín,” Jánẹ́ẹ̀tì ní. “O mọ̀ ọ́n.”

“Mo mọ̀ ọ́n.”

“Kí ló wá dé tí o fún un lówó?”

“Mi ò fún wọn lówó. Ijó wọn ni mo kí.”

“Níwájú orí?”

“Ibẹ̀ ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́.”

Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Jánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ìkà, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà tojú sú u. Ó ní kí n lọ jókòó sílé títí òun á fi bá Kọ́lìn sọ̀rọ̀. Bí Kọ́lìn bá sọ pé mo fi ìyá òun ṣẹ̀sín, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ yẹn ni wọ́n sì torí rẹ̀ fún mi ní físà. Bí ọ̀kan bá já, èkejì já.

Mo jókòó sínú yàrá mi. Mo ti rò pé mo mọ ibẹ̀. Mo mọ ọjọ́ tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí, mo mọ bí wọ́n ṣe ń to ìlà láìfara kan ara wọn, mo mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn ní ojú ọjọ́ dára bí kò tilẹ̀ dára. Nínú ìbànújẹ́, mo mọ ìwà hù níbẹ̀ dáadáa, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé àlejò ni mí. Ayọ̀ ló tú mi fó. Ayọ̀ dé lójijì, kò rántí mú òfin dání, ó gbé mi padà sí gbọ̀ngàn iléèwé kan ní Lálúpọn. Mo rò ó títí bóyá ó yẹ kí ojú tì mí. Kò tì mí. Ẹ̀rù ló bà mí.

Mo sọ fún ìyá mi.

“Èmi ni mo rán ọ,” wọ́n ní. “Gbé fóònù fún ọ̀gá yín, kí n bá a sọ̀rọ̀.”

“Kí lẹ fẹ́ sọ, mà? Ẹ ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.”

“Màá jó o fún un.”

Mo rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, àwọn ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn á gbààwẹ̀, àwọn á gbé e síwájú Ọlọ́run bó ṣe wà lọ́kàn àwọn. Mo ní ẹ ṣé, mà.

Lọ́jọ́bọ̀, Jánẹ́ẹ̀tì pè mí. Kọ́lìn ti jókòó ní ọ́fíìsì, ó ṣì wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀. Wọ́n lọ mú Màmá Dóríìnì wá. Wọ́n wọlé díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú irin wọn, gbogbo wa sì ń wo ẹnu wọn, nítorí pé ètè wọn pupa fòò.

“Dóríìnì,” Jánẹ́ẹ̀tì ní jẹ́jẹ́, “kò sẹ́ni tó ń bá ọ jà. A kàn fẹ́ kí o dá owó yẹn padà fún un, kí a lè sọ pé kò sówó tó bọ́ sọ́wọ́ rẹ, kí ọ̀rọ̀ parí.”

“Rárá.”

“Kì í ṣe tìrẹ, Dóríìnì.”

“Owó iṣẹ́ mi ni. Mo jó, wọ́n sanwó. O ti rí oníjó tó dá owó iṣẹ́ rẹ̀ padà rí?” Wọ́n tún ara wọn gbé lórí àga. “Yàtọ̀ síyẹn, mo ti ná an.”

“O ti ná an sí kí ni?”

Màmá Dóríìnì su ètè síwájú kí gbogbo wa lè rí i dáadáa. Obìnrin tó máa ń ti ọjà kéékèèké kiri yàrá wọn lórí kẹ̀kẹ́ ti wá ní ọjọ́ tó ṣáájú, wọ́n sì ra lípísítíìkì lọ́wọ́ rẹ̀.

Kọ́lìn ló sọ̀rọ̀.

“Ijó wo?”

Ìgbà yẹn ló yé mi pé kò mọ̀. Ó mọ̀ pé ìyá òun wà nínú fíìmù kan nígbà kan, ó mọ ti ìyẹ́ orí. Kò sẹ́ni tó sọ ti ijó tí wọ́n gé fún un rí. Màmá Dóríìnì sọ ọ́ fún un níbẹ̀, níwájú wa, sinimá, kóòtù, bí wọ́n ṣe jọ rìn délé. Ó gbọ́ ọ tán. Ó kọjú sí mi, ó ní, “Ṣé ó jó dáadáa?”

Mo ti rò pé èmi ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn wà fún, àmọ́ nígbà tó béèrè ìyẹn, Màmá Dóríìnì yíjú sí mi kíákíá. Wọ́n ti ń retí ìdáhùn yẹn kí ìyá mi tó dáyé.

“Wọ́n jó dáadáa, sà,” mo ní. “Tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò ní dìde.”

Kọ́lìn ní òun ò ní ẹjọ́ kankan láti rò. Jánẹ́ẹ̀tì kìlọ̀ fún mi gidigidi pé bí mo bá tún dán an wò, òun ò ní lè gbà mí sílẹ̀, ó sì ní kí n padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé. Bí a ṣe ń jáde, mo rí i tó ń fi ìka tẹ iwájú orí ara rẹ̀ wò.

N kò dúró kí n délé kí n tó pe ìyá mi. Ibi tí mo ti ń dúró de bọ́ọ̀sì ni mo ti ròyìn gbogbo rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín ti lípísítíìkì títí wọ́n fi ń húkọ́, wọ́n ní òṣèré gidi ni màmá yẹn, owó eré kì í sùn mọ́jú lọ́wọ́ òṣèré. Mo ní ọjọ́ Ajé ni mo máa padà.

“Ẹ kú àdúrà, mà,” mo ní. “Ọlọ́run gbọ́ tiyín.”

Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ, àmọ́ mo ń gbọ́ adìẹ lẹ́yìn wọn.

“Kò gbọ́ tèmi,” wọ́n ní. Láti ọjọ́ tí mo ti ń pè wọ́n, ìyẹn nìgbà àkọ́kọ́ tí wọn kò pariwo. “Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n lé ọ wálé ni.”

Bọ́ọ̀sì dé, ó ṣílẹ̀kùn, n kò wọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó pa fóònù nínú àwa méjèèjì.